Alùpùpù Aláwọ̀ Kòkó Pípọ́n

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Àpìkẹ́ bá lọ sí Òṣogbo, kì í ṣe ọkọ. Ògúnjìnmí bàbá rẹ̀ ló fà á lé Làbákẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, lọ́wọ́. Làbákẹ́ ń ránṣọ fún àwọn obìnrin lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi sìn ín kúrò ní Ìwàrà kò gùn. Ó ní, "Kọ́ṣẹ́, jókòó jẹ́ẹ́, kí o sì padà wálé bí o ṣe lọ." Àpìkẹ́ sì jókòó jẹ́ẹ́ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun alùpùpù dé láti Iléṣà, tó ní kó bá òun dé ibì kan.

Adétọ́lá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí. Òun àti Àpìkẹ́ nìkan ló kù nínú gbogbo ọmọ tí ìyá wọn, Julianah, bí. Adétọ́lá ń bá àwọn tó ń ra kòkó ṣiṣẹ́. Láti abà dé abà ló máa ń lọ wo èyí tó ti gbẹ àti èyí tí kò tí ì gbẹ. Alùpùpù rẹ̀ kò jọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ló kọ́kọ́ ni ín, irú èyí tí wọ́n fi ń gun orí àpáta fún eré ìdárayá ni. Ó ga nílẹ̀, ó fúyẹ́, egungun rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, Adétọ́lá rà á. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a pàdé níbi àpáta kan lẹ́yìn Ìwàrà, wọn a máa gun alùpùpù gba orí òkúta àti gbòǹgbò igi kọjá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti pàdánù. Ẹsẹ̀ Adétọ́lá kì í sábà kan ilẹ̀.

Ọ̀dà ara alùpùpù náà ló ti ṣí, ìyẹn ló gbé òun àti Àpìkẹ́ dé ọ̀dọ̀ Sàláúdéènì lọ́jọ́ náà. Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni Sàláúdéènì, láti ilé Mùsùlùmí tí wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Òun á tú alùpùpù palẹ̀, á fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára egungun rẹ̀ títí irin yóò fi mọ́ ganrínganrín, á wá kùn ún ní àwọ̀ tí ẹni tó ni ín bá fẹ́. Kì í ra àwọ̀ inú agolo kó kùn ún bẹ́ẹ̀. Ó máa ń po tirẹ̀ ni.

Ó bi Adétọ́lá pé, "Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Àwọ̀ kòkó tó pọ́n."

"Yẹ́lò nìyẹn."

Àpìkẹ́ ló dá a lóhùn. "Kì í ṣe yẹ́lò lásán. Ó máa ń ní pupa díẹ̀ lápá ibi tí oòrùn bá ti ń pa á. Ẹ ò tí ì dé ulé wa ni."

Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín sí ahọ́n Ìjẹ̀ṣà tó fi pe ilé. "Bí mo bá dé ulé yín, ta ni yóò fi kòkó hàn mí?"

Àpìkẹ́ yíjú sí ojú pópó bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàláúdéènì ní kí ó máa yà wò bóyá àwọ̀ náà ti bá a mu, ó yà. Ó wò ó, ó ní pupa rẹ̀ pọ̀ jù. Ó tún yà, ó ní pupa rẹ̀ ti dín jù. Ọ̀gbẹ́ni náà ń pò ó, ó ń tún un pò, kò sì bínú. Ọjọ́ tí wọ́n kun alùpùpù tán tí Adétọ́lá gùn ún lọ, tí Àpìkẹ́ ṣì tún yà lọ́jọ́ kejì, kò sí àwọ̀ tí yóò wò mọ́. Ó jókòó sórí àpótí, Sàláúdéènì náà sì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìgbà náà ni kálukú mọ ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n fẹ́ra bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi yí po. Làbákẹ́ rí i, ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó wo ìwà ọmọkùnrin náà, ó sì gbà láti ṣe alárinà. Ó wọ lọ́rì lọ sí Ìwàrà. Nígbà tó padà dé, kò tí ì tú gèlè tí Àpìkẹ́ fi kúnlẹ̀ tì í.

"Kí ni bàbá wí, àǹtí mi?"

"Bàbá rẹ ní àwọn Ìmàle kò ní fẹ́ ọmọ nínú ilé òun tí wọ́n ti ń lu aago ìsìn láràárọ̀. Ó ní iṣẹ́ wo ni kí ènìyàn máa kun ọ̀dà sí irin. Ó ní Ọdúntán tíṣà ti wá tọrọ rẹ, òun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá rẹ ń wo ẹnu bàbá rẹ."

Aṣọ tí Àpìkẹ́ bá rán ní ọ̀sẹ̀ náà, títú ló ń tú u. Ó ń ro Ọdúntán, ọkùnrin tí kò ṣe é níbi kankan, ó sì dà bíi pé wọ́n fẹ́ ti òun sínú kànga. Adétọ́lá ló wá tù ú nínú. Ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá kì í já ní koro, ìyẹn Bàbá Ògúndélé ní Ọ̀tan-Ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá náà fẹ́ràn mi. N ó lọ bá a, n ó sì gbé e wá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn ẹbí Sàláúdéènì wá sí Ìwàrà. Kí bàbá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgbà ti jókòó."

Ọkàn Àpìkẹ́ balẹ̀. Adétọ́lá gbé alùpùpù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Sàláúdéènì kí ó bá òun tún un kùn kí ọjọ́ náà tó pé, torí òkúta ti họ ọ̀dà ara rẹ̀. Ó ní òun kò lè gun ohun tó rí jákujàku lọ bẹ̀bẹ̀ fún aya ọlọ́dà.

Àpìkẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Sàláúdéènì fá irin náà. Ó ń fi bébà oníyanrìn fá a, ó ń fẹnu fẹ́ ẹ, kò pẹ́ ó dáwọ́ dúró. Ó fi omi nu ibì kan lábẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí irin méjì ti pàdé. Ó pe Adétọ́lá.

"Wá wo ibí yìí. Irin yìí ti sán."

Ìlà kan ni, tín-ín-rín bí irun. Adétọ́lá fi èékánná họ ọ́. "Èyí náà?"

"Èyí náà. Orí ọrùn yìí ni gbogbo ìwúwo máa ń já lé bí o bá ń fò bọ́ láti orí òkúta. Ó yẹ kí wọ́n fi iná jó o pọ̀ kí n tó kùn ún. Ẹni tó lè jó irú irin yìí ti lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Fi í sílẹ̀ fún mi."

"Kí ni n ó wá gùn lọ sí Ọ̀tan-Ilé? Sátidé yìí ni a dá o."

"A lè sún un síwájú."

Àpìkẹ́ gbọ́ 'sún un síwájú', ó sì fi ojú inú rí Ọdúntán tó jókòó sí yàrá bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá Sàlá, ẹ bá wa kùn ún. Ṣé kì í ṣe bó ṣe wà nìyẹn tó fi ń gùn ún láti ọjọ́ yìí? Bó bá ti Ọ̀tan-Ilé dé, ẹ jó o."

Sàláúdéènì wò ó. Ó wo Adétọ́lá, ẹni kan ṣoṣo tó ń gbẹnu sọ fún un nínú ilé àna. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan náà sì yọrí sí rere, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Adétọ́lá gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ọ̀tan-Ilé, ó gbé Bàbá Ògúndélé sẹ́yìn, wọ́n sì dé Ìwàrà láyọ̀. Àwọn ẹbí Sàláúdéènì wá. Àgbà sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ tó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, òun kò rí ohun tó burú nínú jíjẹ́ Mùsùlùmí rẹ̀. Ògúnjìnmí kọjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ó ní òun gbà, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ìkórè kòkó kọjá kí àwọn tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Sàláúdéènì rán Adétọ́lá létí pé kí ó gbé alùpùpù wá kí wọ́n jó ọrùn rẹ̀. Adétọ́lá ní kí wọ́n jẹ́ kí ìkórè kọjá ná. Ó ní iná yóò ba ọ̀dà tó rẹwà báyìí jẹ́. Bí ayọ̀ ṣe pọ̀, kò sí ẹni tó tún rán an létí mọ́. Bí irin náà bá sì ń sán sí i lójoojúmọ́, ta ni yóò rí i lábẹ́ ọ̀dà?

Ọ̀sán Sátidé kan ni, níbi àpáta ẹ̀yìn Ìwàrà. Òjò ti pa òkúta. Adétọ́lá gun òkè, ó yí orí alùpùpù padà, ó fò bọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọrùn irin náà sì já. Orí ló fi gúnlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e lé ilẹ̀kùn kan, wọ́n forí lé Iléṣà. Kí wọ́n tó gba ọ̀nà débì kan, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Gbogbo ènìyàn ní òjò ló fà á, wọ́n ní òkúta yọ̀. Kò sí ẹni tó wo irin.

Àpìkẹ́ mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wo Sàláúdéènì tó dúró lẹ́yìn èrò, ojú wọn kò sì pàdé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Sàláúdéènì wá bá bàbá kẹ́dùn. Àgbà ọkùnrin náà, tí kò fẹ́ rí i sójú rí, fà á mọ́ra, ó sunkún sí i léjìká. Ó ní, "Ìwọ ló kù. Ọmọ mi ló fà ọ́ wá sílé yìí, ìwọ ni n ó máa pè ní ọmọ." Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n kó alùpùpù tó já náà sí. Ó ní, "Bá mi jó o pọ̀. Kùn ún bó ṣe wà. Bí o bá ṣe tán, gùn ún wá. Ìró rẹ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé Tọ́lá ń bọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Sàláúdéènì kó irin náà lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí Àpìkẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bá a. Irin náà wà lórí àpótí, Sàláúdéènì sì jókòó tì í láìṣe nǹkan kan.

Ó ní, "Wo ojú ibi tó ti já. Apá kan ti dípẹtà, ó ti pẹ́ tó ti já. Apá kejì ṣì ń dán. Èyí tó ń dán yìí nìkan ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ títí di ọjọ́ náà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"N ó sọ fún bàbá."

Àpìkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí ni yóò mú jáde? Ṣé yóò jí Bùọ̀dá mi? Bàbá ti gbà yín. Ìyá mi ti ń bèèrè yín. Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ti pa àwa náà."

"Bàbá yẹn yóò máa pè mí ní ọmọ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, Àpìkẹ́. Báwo ni n ó ṣe máa dáhùn?"

"Ẹ ó máa dáhùn. Yóò mọ́ yín lára."

Sàláúdéènì yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò bá a jiyàn mọ́. Àpìkẹ́ rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà túmọ̀ sí pé ó ti gbà.

Wọ́n jó irin náà pọ̀. Sàláúdéènì kùn ún, ó sì gùn ún gba ojú ọ̀nà Iléṣà lọ sí Ìwàrà. Àpìkẹ́ ti lọ bá ìyá rẹ̀ gbé fún ọjọ́ mélòó kan. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà láti ìsàlẹ̀ òkè. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọ yàrá, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà bò. Ṣùgbọ́n bàbá jáde. Àpìkẹ́ rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ó fọwọ́ pa ara alùpùpù náà. "Àwọ̀ rẹ̀ gan-an nìyí. O ṣeun, ọmọ mi."

Sàláúdéènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde.

"Bàbá, n kò ní lè dìde láìsọ ohun tó gbé mi wá. Irin yìí ti sán kó tó já. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo fá a kí Adétọ́lá tó lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n gùn ún. Mo kùn ún."

Àpìkẹ́ ló gbé omi tí wọ́n fẹ́ fi pàdé àlejò lọ́wọ́. Ó dúró síbi tó dé.

Bàbá ní, "O rí i, o sì fi ọ̀dà bò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Nítorí kí n lè fún ọ lọ́mọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló tún mọ̀ sí i?"

Àpìkẹ́ ń dúró de orúkọ rẹ̀. Sàláúdéènì kò gbé ojú sókè. "Èmi àti olóògbé nìkan ni, bàbá. Kò sí ẹlòmíràn."

Ó kù kí Àpìkẹ́ la ẹnu. Ó rò pé òun yóò là á. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé omi náà kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bàbá kò pariwo. Ó ní, "Mo ti fún ọ lọ́mọ tẹ́lẹ̀. Mo gbà á padà. Fi alùpùpù yẹn sílẹ̀ níbi tó wà, kí o fi ẹsẹ̀ rìn kúrò nínú ọgbà mi."

Sàláúdéènì dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó rìn lọ. Kò wẹ̀yìn. Nínú yàrá, ìyá Adétọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí Àpìkẹ́ padà sí Òṣogbo mọ́. Wọ́n ń kẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ a ṣépè fún Sàláúdéènì láàárọ̀, a yíjú sí i, a ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Àpìkẹ́ a ní, "Àmín." Bàbá ti di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ òrùlé láti àárọ̀. Kòkó ń pọ́n, ó ń jẹrà lórí igi, kò lọ wò ó. Àwọn àmín náà ń pọ̀ sí i nínú Àpìkẹ́ títí ó fi dà bíi pé òun kò lè gbé wọn mọ́.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, ó purọ́ pé òun ń lọ sọ́jà ní Iléṣà, ó wọ lọ́rì Òṣogbo. Ibi tí Sàláúdéènì ti ń kun ọ̀dà ti di ìsọ̀ ẹlòmíràn. Làbákẹ́ ló sọ fún un pé Sàláúdéènì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé oko ló ń dá ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Níbẹ̀ ni Àpìkẹ́ ti bá a, tó ń kọ ebè. Ó ti rù. Ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ọkọ́ rẹ̀.

Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín ebè. "Ẹ jẹ́ ká fẹ́ra. Kò kàn mí bí wọ́n bá kọ̀ mí."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, n ó sọ ọ́ lónìí. N ó ní èmi ni mo ní kí ẹ kùn ún. Nígbà náà, kò ní sí ìdí tí n ó fi dúró lọ́dọ̀ wọn."

"Má sọ ọ́."

Omijé bọ́ lójú Àpìkẹ́. "Ṣé ẹ fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi bò mí láṣìírí?"

Sàláúdéènì mi orí. "Kì í ṣe ìwọ ni mo bò láṣìírí. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ni mò ń wò lábẹ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó ń gbọ̀n. Ọmọ kan ló kù fún wọn láyé. Bí mo bá dárúkọ rẹ, wọn kò ní ní ẹyọ kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ orúkọ rẹ kúrò."

Àpìkẹ́ fi etí aṣọ nu ojú.

"Padà sílé," ni ó wí. "Tọ́jú wọn. Ọmọ tí wọ́n rò pé o jẹ́, máa jẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kú. Èmi ti sọ tèmi, mo sì ń jẹ ìyà rẹ̀ ní gbangba. Ìwọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò fẹ́ mi mọ́."

"Mo fẹ́ ọ, Àpìkẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí o máa lọ nìyẹn."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sídìí ebè. Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ń ro ó, kó tó dìde lọ wá ọkọ̀.

Nígbà tó dé Ìwàrà, bàbá rẹ̀ ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ìlú láti wò ó bọ̀. Ó ní, "Mo ti ń rò ó pé kí ló dé." Ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀, kò sì bèèrè. Ìyá rẹ̀ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó sì ti yọ ẹran tó tóbi jù síwájú rẹ̀. Àpìkẹ́ ṣan ọwọ́, ó sì jẹ ẹ́.

Ọdúntán tíṣà ló fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn. Àpìkẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n kọ́lé ti ilé bàbá òun, ó sì gbà. Títí di òní, bí ìyá kan ní Ìwàrà bá ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ wí, a ní kí ó lọ kọ́ ìwà lára Àpìkẹ́ ọmọ Ògúnjìnmí, bó ṣe ń wẹ bàbá rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìyá rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ta sí Àpìkẹ́ létí, a kó aṣọ tó ń rán, a wọlé.